Màpó D'òkèèrè

Ọ̀rọ̀ òórùn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Aró máa ń rùn. Ẹni tó bá ní aró kì í rùn, ẹni náà ò dé agboolé wa ní Bẹyẹrúnká rí. Ìkòkò ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ewé ẹlú tó ti jẹrà sínú wọn, omi eérú tó ti kan: bí àlejò bá ti yà kúrò lọ́nà Ọjà'ba báyìí ni yóò ti fa etí aṣọ bo imú. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá tọrọ mi, akọ̀wé ìjọba ni, Agodi ló ti wá, ó fi áńkáṣífù bo imú láti ẹnu ọ̀nà títí tó fi kí àwọn àgbà tán. Mo ní kó máa lọ. Ẹni tí kò lè gbóòórùn ohun tó wò mí dàgbà, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?

Nínú òórùn yìí kan náà ni màámi jókòó sí lọ́jọ́ kan tó ní, "Ó jọ pé aró ayé ìsinsìnyí kì í rùn mọ́."

A rẹ́rìn-ín. Mo ní bí alápatà bá pẹ́ nídìí ẹran, kò ní mọ òórùn ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó ju ìyẹ́ adìẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù mí, ó ní kí n lọ bá òun wá omi, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí nígbà náà. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú agboolé wa, àfi ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí màámi ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Yóò fi láfún ro ẹ̀kọ, yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yóò wá máa fi ìyẹ́ adìẹ ti ẹ̀kọ bọ̀ yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ aṣọ náà láró, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún rẹ ẹ́, tí wọ́n wá ha ẹ̀kọ kúrò, ohun tó yà yóò yọ funfun gbòò nínú dúdú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló mọ̀ ọ́n yà jù. Aṣọ náà ní ojú púpọ̀ bíi fèrèsé, ojú tó sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni ti gbọ̀ngàn Màpó pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tó dúró gbagidi. Màámi ò mọ ọjà tà. Bí oníbàárà bá ti fajú ro ni yóò ti máa bẹ̀ ẹ́. Èmi ló ń bá a tà á, ní Ọjà'ba àti ní Òjé. Ìwé kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó kú, ṣùgbọ́n a kì í fi ìwé ná ọjà, ẹnu la fi ń ná an. Ẹnu sì nìyí, Ọlọ́run ò ṣahun sí mi níbẹ̀.

Aró kì í sọ̀rọ̀. Imú lobìnrin aláró fi ń mọ̀ bóyá ó ti mú tàbí kò tíì mú. Tí kò bá tíì mú, omi lásán ni. Tó bá sì ti kọjá ààlà, ó ti kú nìyẹn. Láàárín méjèèjì, òórùn kan wà tí n kò lè ṣàlàyé fún yín. Gbogbo obìnrin agboolé wa ló mọ̀ ọ́n. Màámi ló mọ̀ ọ́n jù, kó tó di pé ó ṣe é tì. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìkòkò ràdàràdà, bí ohun tí wọ́n fi omi ìfọṣọ ṣan.

Ìyálé rẹ̀ rí i. Ìyálé màámi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń kọjá lójú rẹ̀. Ìkòkò tiwọn ló tẹ̀lé ti màámi. Ó na aṣọ kan sókè lórí okùn, ó yọ ojú láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Mo mà ń rí òpópónà láti inú aṣọ yìí o! Ìyàwó, ṣé aró lo fi pa á àbí itọ́?"

Màámi ń fún aṣọ rẹ̀ lọ. Èmi fèsì. N ò ní kọ ohun tí mo sọ síbí.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ dé. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín: fún ìgbà pípẹ́, ìyìn ni màámi ń gbà. Àlùfáà tó ń ṣe wáàsí ní ọ̀nà Bẹẹrẹ fi ṣàpẹẹrẹ ní gbangba. Ó ní, "Ẹ wo ìyá yìí! Kò ní tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń kà á. Ibi tí ìgbàgbọ́ dé nìyẹn!" Màámi bá gbé ọwọ́ pa mọ́ sábẹ́ ìborùn. Nígbà tí a délé ó ní, "N ò ka nǹkan kan o. Ọwọ́ yìí ló ń dá ṣe tiẹ̀."

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu nìyí. Bí ọwọ́ náà bá wà lórí itan rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan, á máa gbọ̀n. Bó bá sì mú ìyẹ́ adìẹ, tó ti ẹ̀kọ bọ̀ ọ́, á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu. Màámi fúnra rẹ̀ ní, "Ọ̀lẹ ni. Tí mi ò bá fún un níṣẹ́, á máa ṣe ìjọ̀ngbọ̀n."

Àmọ́ iṣẹ́ náà yí padà. Ó ń falẹ̀. Àárọ̀ tó yẹ kó fi ya ìlà mẹ́rin, ìlà kan ni yóò yà. Àwọn àwòrán náà sì ń kéré. Màpó àkọ́kọ́ lápá òsì aṣọ á tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi. Èyí tó tẹ̀lé e á dín díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa kan etí aṣọ lápá ọ̀tún, Màpó á ti di ilé adìẹ, àwọn òpó rẹ̀ á sì ti di igi ìṣáná. Kì í ṣe pé ìlà rẹ̀ wọ́. Ó gún régé. Ó kàn ń kéré ni, bí ẹni pé gbogbo ìlú ń rìn lọ.

Mo gbé e lọ sí Ọjà'ba bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó mọ aṣọ nà án síwájú, ó ní, "Kí ló ṣe Màpó yìí tó ń rù?"

Ẹ̀rù bà mí fún bí ìṣẹ́jú ẹyọ kan. Mo bá la ẹnu. "Ṣé ẹ ò tíì wo Màpó láti Agodi rí ni? Bí ẹ bá dúró lẹ́sẹ̀ òkè, ó tóbi. Bí ẹ bá ń lọ, ó ń kéré. Aṣọ arìnrìn-àjò ni. Màpó D'òkèèrè lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rin ìrìn àjò rí ni kò ní mọ̀ ọ́n."

Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹni tí kò rin ìrìn àjò rí? Ó rà á. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó mú àbúrò rẹ̀ wá. Nígbà tó yá, àwọn kan ti ń béèrè Màpó D'òkèèrè ní Òjé kí n tó tú ẹrù. Mo délé, mo sọ fún màámi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ń gbìyànjú láti yà á tóbi o!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di egbò nìyí. Nígbà tí bàbá mi kú, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí igun ilẹ̀ tí ìkòkò màámi wà. Ìyá Àgbà ní ti àwọn ni. Màámi ní bàbá mi ló fún òun kó tó dolóògbé. Wọ́n gbé Kùránì síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé e, ó búra. Ọ̀rọ̀ náà sì parí. Ó ti pẹ́ gan-an. Àfi ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ pé, "Ṣé ẹ rí Ọlọ́run? Kì í jẹ gbèsè. Ọwọ́ wo ló fi búra? Ọwọ́ wo ló ń gbọ̀n?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn le láti dáhùn. Àlùfáà tó ń yin màámi tẹ́lẹ̀ yà kúrò lọ́nà ilé wa. Mọ́gàjí, tí í ṣe olórí agboolé, ránṣẹ́ pè wá. Ó ní àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ pé kí màámi gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò, kí ó lọ jókòó sínú ilé, kí aṣọ ràdàràdà rẹ̀ má bàa ba orúkọ agboolé jẹ́. Ó rọra sọ ọ́ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Màámi wo ilẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Bí ẹ bá gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi wá ibi tí mo máa gbé ọwọ́ yìí sí."

Mo ní, "Mọ́gàjí, ẹ fún wa láyè. Ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ilé ìwòsàn, kí á mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà kí ẹ tó dájọ́ fún un."

Ìyá Àgbà ní, "Ilé ìwòsàn! Ṣé dókítà ló gba ìbúra ni?"

Mo gbé e lọ. A ti gba òmìnira nígbà yẹn, àwọn dókítà tiwa sì ti ń ti òkè òkun dé. Èyí tí a bá pàdé kéré lọ́jọ́ orí, Yorùbá rẹ̀ sì ti gba òtútù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ kí màámi kó tó fọwọ́ kàn án, mo sì dárí ìyókù jì í.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi rìn lọ síbi ilẹ̀kùn yẹn."

Màámi rìn. Apá òsì ń jù. Apá ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ara, bí ẹni tó há nǹkan sí abíyá. N kò kíyè sí i rí, èmi tí mo ń pe ara mi lólójú ọjà.

Dókítà gbé bébà àti bírò fún un. "Ẹ kọ nǹkan fún mi, Màmá. Ohunkóhun."

Màámi wò mí. "Sọ fún un."

Mo ní, "Dókítà, wọn ò kàwé. Ìwé wọn rèé." Mo bọ́ ìborùn mi, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀, Màpó D'òkèèrè látòkè délẹ̀.

Dókítà tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka tọ ìlà kan láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó padà, ó tún tọ ọ́. Ó ní, "Bí àwọn tó ní àìsàn yìí bá ń kọ̀wé, bí wọ́n ṣe ń lọ lórí ìlà bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń kéré. N ò tíì rí i lára aṣọ rí." Ó wá béèrè ìbéèrè kan tó mú mi ta gìrì: "Màmá, ṣé ẹ ṣì ń gbóòórùn dáadáa?"

Màámi ní, "Aró ayé ìsinsìnyí kì í rùn."

Dókítà jókòó. Ó ní nínú ọpọlọ ènìyàn, nísàlẹ̀ pátápátá, ibi kékeré kan wà tó dúdú. Ẹni yòówù kó jẹ́, ibẹ̀ dúdú.

Màámi ní, "Òyìnbó náà?"

"Òyìnbó náà, Màmá."

"Áà! Wọ́n mà gbé e pa mọ́ o!"

Dókítà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Ó ní bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá kú, tí wọ́n bá la ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n máa ń rí i pé ibi dúdú yẹn ti ṣá.

Màámi gbé orí sókè. "Ó ti kí ni?"

"Ó ti ṣá. Àwọ̀ rẹ̀ ti lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà nídìí aró, ẹ lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún màámi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ sí i lára látọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìbúra, ọ̀rọ̀ èpè, ọ̀rọ̀ ayé, kò mọ ibi tó máa dì wọ́n mú sí. Èyí, ó mọ̀ ọ́n. Aṣọ máa ń ṣá. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí aṣọ ṣẹ̀ kó tó ṣá. Ó gbé àga súnmọ́ dókítà bí ìgbà tí ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Dókítà ní ibi dúdú yẹn ló ń ṣe oje kan, oje náà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Ó ní àwọn kan wà lókè òkun tí ilẹ̀ ń mọ́ bá wọn ní yàrá àyẹ̀wò, inú ìgò ni wọ́n ń wò. Àwọn ló wọn oje náà nínú ọpọlọ àwọn òkú tó ní àìsàn yìí, tí wọ́n rí i pé ó ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n tó mọ̀ pé oje náà wúlò rárá, ehoro ni wọ́n fi wádìí. Wọ́n fún ehoro ní oògùn kan tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò igi tó bá asofẹ́yẹjẹ wa tan.

Màámi ní, "Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń wo wèrè? Kí ni ehoro ṣe tí wọ́n fi rò pé orí rẹ̀ dàrú?"

Dókítà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu omijé. "Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Oògùn yẹn ló mú un. Ó rọ jọwọrọ síbi tó wà, etí rẹ̀ wó lulẹ̀, kò lè sá mọ́. Wọ́n wá fún un ní ohun tí ara fi ń ṣe oje yẹn. Kò pẹ́ rárá, etí rẹ̀ dìde."

"Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé," ni màámi wí. "Ẹ fún èmi náà kí etí mi dìde."

Ojú dókítà yí padà díẹ̀. Ó ní kò tíì dé ibí. Lọ́hùn-ún gan-an, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò lára ènìyàn ni. Àwọn tí kò lè kúrò lórí ibùsùn ti dìde, wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe wà.

Màámi ní, "Rírẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Rírẹ àkọ́kọ́ kì í dúró. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sá a, kí wọ́n tún rẹ ẹ́."

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu èmi. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹni tó bá búra èké ló ń ṣe?"

Ó wò mí títí kó tó yé e. Ó ní, "Àwọn òyìnbó tó ń ṣe pọ̀ lọ jàra, Àǹtí. Ta ló gbé Kùránì fún wọn?"

Ó fún wa ní oògùn oníhóró tó kàn ń gbẹ itọ́ lẹ́nu. A dúpẹ́, a wọkọ̀ padà sí Bẹẹrẹ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí Màpó yọ lókè, màámi dúró wò ó. Ó ní, "Ó tóbi. N ò mọ ìdí tí ọwọ́ mi kì í fi í gbà bẹ́ẹ̀."

Ìpàdé tún pé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ́gàjí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, ibi dúdú, oje tó gbẹ, àti ehoro. N ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo tún fi díẹ̀ kún ti ehoro.

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀! Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́, mo ní inú obìnrin yìí dúdú, ẹ ní mò ń ṣorogún. Dókítà ti bá mi rí i!"

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ dákẹ́ ná. Ti màámi ti ṣá. Tiyín ni kò tíì ṣá, ó ṣì dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò."

Mọ́gàjí fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ó bá mi wí, ó ní èmi ò mọ àgbà lójú, mo sì kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mo ti rí ejìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe àìsàn ló ń ṣe é.

Màámi ò tíì sọ̀rọ̀. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ lábẹ́ ìborùn, ó gbé e sórí itan níwájú gbogbo wọn. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, àtàńpàkò ń pa ìka.

"Mọ́gàjí, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀yin náà, ìyálé mi, ẹ wò ó. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tí mo ti ń gbé e pa mọ́ bí olè." Ó yíjú sí mi. "Fún mi ní ìyẹ́ adìẹ."

Mo gbé e fún un pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ. Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ya òpó kan. Ọwọ́ náà ò mì. Ó ya òpó kejì. A ń gbọ́ bí ìyẹ́ náà ṣe ń họ aṣọ. Ó gbé ìyẹ́ kalẹ̀, ó dá ọwọ́ padà sórí itan, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìyà ìbúra ni, ẹ bá mi bi àlùfáà: ṣé ìyà Ọlọ́run máa ń gba ìsinmi bí iṣẹ́ bá dé?"

Mọ́gàjí tún abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú. "Ọ̀rọ̀ ìbúra ti parí. N ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú agboolé yìí."

Ìyá Àgbà ò gbà. Ó ní, "Ó dáa, ìbúra ti parí. Aró ńkọ́? Obìnrin tí kò gbóòórùn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí aró mú? Ṣé ojú la fi ń gbóòórùn ni?"

Ká má purọ́, òótọ́ lọ́rọ̀ yẹn. Mo la ẹnu, màámi gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún.

Òun fúnra rẹ̀ ló fèsì. "Kí ìyálé mi máa bá mi gbóòórùn rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, imú wọn ò kúrò nínú ìkòkò mi rí. Kí wọ́n kúkú máa fi ṣiṣẹ́."

Mọ́gàjí gbé abẹ̀bẹ̀ sọnù. Ó rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe dá a: ìkòkò wà níbi tó wà, Ìyá Àgbà ni yóò máa bá a gbóòórùn rẹ̀, ẹni tó bá kọ̀, kó wá agboolé tirẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ìran láràárọ̀. Ìyá Àgbà á wé aṣọ mọ́dìí, á bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò màámi, á fa imú bí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà. "Kò tíì mú! Ta ló ní kí o dé ibí ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀?" Màámi á ní, "Ẹ ṣeun, ajá ọdẹ mi." Ìyá Àgbà á ní, "Ìwọ lajá. Ó ti mú o! Mo ní ó ti mú, kí lò ń wò, kó aṣọ rẹ wá kí ó tó kú!" Aṣọ màámi tún padà dúdú bí òru. Nígbà tí ọwọ́ ò lè fún aṣọ mọ́, Ìyá Àgbà ló ń fún un, ó ń bú u, ó ń fún un. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbọ́ mọ́, Ìyá Àgbà ló ń gbé àga rẹ̀ jáde, nítorí, ó ní, òun ò lè máa rìn wọlé kí òun tó bú ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí ogun abẹ́lé fi bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, tí màámi sì kú jẹ́jẹ́ nínú ilé rẹ̀, nítòsí ìkòkò rẹ̀.

Oògùn tó mú etí ehoro dìde dé Ìbàdàn lẹ́yìn tó ti lọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún ń ṣá, wọn á tún rẹ ẹ́.

Ọmọ-ọmọ mi kan wà nísinsìnyí tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, òun náà inú ìgò ló ń wò. Ó ní wọ́n ti rí i pé èròjà kan nínú ọpọlọ, tó yẹ kó máa ṣàn, ló ń dì kókó kókó bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa. Ó ní wọ́n fura pé ní ara àwọn mìíràn, inú imú tàbí inú ìfun ni kókó náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó gbọ̀n. Mo ní ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Imú màámi mọ̀, kò sọ fún ọwọ́. Ó ní wọn ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ kó dì. Mo ní kí wọ́n yára, mo ti dàgbà. Láràárọ̀ ni mo máa ń ṣí agolo irú, mo máa ń fa imú sí i. Ó ṣì ń rùn. Àrùn tó bá fẹ́ mú mi, kó gba iwájú wá kí n rí i.

Aṣọ tí màámi yà kẹ́yìn, n kò tà á. Màpó tó wà létí rẹ̀ ò ju eyín ọmọdé lọ, òpó rẹ̀ sì pé. Ìyá Àgbà ni mo fún, nítorí imú wọn wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n ní aṣọ ràdàràdà wo nìyí, wọ́n ká a pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni a jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òjé. Ìyá Àgbà ró aṣọ yẹn. Obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n fa etí aṣọ náà wò, ó ní, "Ìyá, ẹni tó ya èyí ò mọ̀ ọ́n yà o. Ẹ wo bí Màpó ṣe ń kéré."

Mo ti ń la ẹnu. Ìyá Àgbà gbọn etí aṣọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n yà? Ìyàwó mi ló yà á. Ṣé ìwọ ò tíì wo Màpó láti Agodi rí ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n gbé sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì wo ojú mi.